Kànga Tó Kù Lábẹ́ Omi Ìdí-Ìyeyè

Gbogbo ẹni tó wá kí wa nígbà tí a sin bàbá wa àgbà, Bàbá Yésúfù Àyìnlá ti Ìdí-Ìyeyè, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. "Ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ìnáwó. Òkú àgbà ni, ẹ má sunkún. Wọ́n fọmọ sáyé lọ." À ń ṣe àmín. Ṣùgbọ́n ọkàn wa kò balẹ̀ rárá, kì í sì í ṣe nítorí ikú wọn nìkan. Ẹ̀rù ló ń bà wá. Kànga kan ṣì ń bẹ lábẹ́ omi tó wà níwájú abúlé wa, ó la ẹnu sílẹ̀, bàbá wa nìkan ló sì mọ ibi tó wà. Wọ́n ti lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn ti dé, omi ti ń fà sẹ́yìn, àwọn obìnrin abúlé sì gbọ́dọ̀ wọ inú omi náà kí wọ́n tó lè jẹun.

Èmi Rasákì, ọmọ ọmọ wọn, táyà ni mò ń lẹ̀ ní Ẹgbẹ́dá. Ìwé mi kò pọ̀, n kò parí girama. N kò lè kọ ìtàn ayé wọn láti ìbí dé ikú. Èyí tí mo rántí ni mò ń kọ, bó ṣe ń wá sí mi lọ́kàn.

Bí ẹ bá dé Ìdí-Ìyeyè lónìí, abúlé kékeré kan lẹ máa rí lórí òkè: páànù tó ti dípẹtà, mọ́sálásí kan, ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà kan, omi gbalasa níwájú. Àwọn èrò Ìbàdàn máa ń rò pé torí omi la ṣe tẹ̀dó síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìdí-Ìyeyè gan-an wà nísàlẹ̀, lábẹ́ omi yẹn. Nígbà tí mo wà ní kékeré ni ìjọba sé odò Oníyanrìn kí omi ẹ̀rọ lè dé ìgboro. Omi kún, ó bo gbogbo àfonífojì. Wọ́n ní ká kó lọ sórí òkè, a sì kó.

Bàbá wa kó ẹrù, wọn ò kó ọkàn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé, wọ́n á kọjú sí omi, wọ́n á wá máa ka abúlé bí ọmọ kéú ṣe ń ka wàláà. "Ibi tí oòrùn ti ń dán yẹn, ìdí igi ìyeyè ni. Ibẹ̀ ni bàbá bàbá mi sọ ẹrù kalẹ̀ nígbà tí ogun sú u. Ọmọ ogun Ìbàdàn ni, ó ní òun ò jà mọ́, iṣu lòun fẹ́ gbìn. Agbo ilé wa rèé lọ́wọ́ òsì. Mọ́sálásí rèé láàárín. Ọ̀nà kòkó ló gba iwájú rẹ̀ kọjá, ibẹ̀ ni lọ́rì ti ń kó kòkó. Ọwọ́ ọ̀tún pátápátá, níbi tí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé, ni Ìyá Aláró kọ́lé sí, torí pé àwọn èèyàn ní aró rẹ̀ ń rùn. Ó gbẹ́ kànga tirẹ̀ síbẹ̀. Tí o bá dúró nínú omi, tí o kọjú sí òkè, tí ọ̀pẹ wíwọ́ tó wà lórí òkè bá bo orí àpáta, tí ìpìlẹ̀ mọ́sálásí wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ, ẹnu kànga Ìyá Aláró lo wà yẹn. Má tún gbé ẹsẹ̀."

A gbọ́ ọ títí ó fi sú wa. Bọ́ọ̀lù orí rédíò ni èmi ń tẹ́tí sí. Bí mo bá ní, "Bàbá, ẹ ṣáà ti sọ ọ́ lánàá," wọn ò ní bínú. Wọ́n á ní: "Ẹni tí kò mọ ibi tí ilé wà, kò lè sọ pé òun ti kúrò nílé."

Kí ẹ má rò pé ọlọ́fọ̀ ni wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Aláwàdà ni wọ́n. Tí àwọn apẹja bá ti ń ju àwọ̀n láàárọ̀, wọ́n á dúró sétí omi, wọ́n á fi ọwọ́ bo ẹnu bí ẹni fẹ́ fọn fèrè:

"Ẹ̀yin ará ibẹ̀ yẹn! Ẹ kan ilẹ̀kùn o! Yàrá ìyá mi lẹ jù ú sí!"

Àwọn apẹja á dáhùn látinú ọkọ̀ ojú omi wọn: "Ìyá ní ká máa wọlé, Bàbá!"

"Irọ́ lẹ pa. Ìyá mi kì í dá ẹni tí kò kí i lóhùn."

Wọn kì í jẹ ẹja omi náà. Ìyá wa àgbà, ìyàwó wọn, tó ń fi orúkọ àbíkẹ́yìn wọn pè wọ́n, á gbé ọbẹ̀ ẹja àrọ̀ síwájú wọn, wọ́n á rọra ti ẹja sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, wọ́n á fi omi ọbẹ̀ nìkan jẹ òkèlè.

"Bàbá Sìfáwù, kí lẹja ṣe yín?"

"Ayálégbé mi ni. Ta ló ń jẹ ayálégbé ẹ̀?"

Ìjà bàbá wa pọ̀ ṣá. Ẹnìkan wá láti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ó ri pátákó mọ́ ẹnu ọ̀nà wa, ó kọ "Ìdí-Ìyeyè Tuntun" sí i. Kó tó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ òkè, bàbá wa ti fa pátákó náà tu, wọ́n gbé e lé e lọ́wọ́. Ọkùnrin náà ní, "Bàbá, wọ́n rán mi ni o. Abúlé tó wà létí omi ni wọ́n ní." Bàbá wa wò ó láti òkè délẹ̀: "Lọ sọ fún wọn pé omi ló wá bá wa. Àwa kọ́ la lọ bá omi."

Ọ̀rọ̀ kànga ló kàn báyìí. Ọwọ́ mi ń wúwo bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Mẹ́ta ni kànga tó wà ní abúlé ìsàlẹ̀: ti agbo ilé wa, ti mọ́sálásí, àti ti Ìyá Aláró. Bàbá tó bí bàbá wa àgbà ló gbẹ́ ti agbo ilé wa. Ẹ̀ẹ̀rùn kan ló mú, odò gbẹ, ó sì gbẹ́ kànga náà fún ọmọ aráyé, onílé àti àlejò. Sàárà ló fi ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá jẹ́ mùsùlùmí mọ ohun tí mò ń wí. Ẹni tó bá gbẹ́ kànga fún aráyé, bó bá kú, láádá rẹ̀, èrè rẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́run, kò dúró. Gbogbo ẹni tó bá mu níbẹ̀, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún òkú náà.

Nígbà tí a fẹ́ kó lọ sókè, kò sí ohun tí a fi sílẹ̀. A tú páànù, a yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé, a fa igi àjà yọ. Àní dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n gé, tí wọ́n fi ṣe ẹnu kànga, a hú u, nítorí dúrọ́ọ̀mù wúlò. Àwọn ọ̀dọ́ wá ní kí a rọ́ iyẹ̀pẹ̀ dí àwọn kànga náà. Bàbá wa àgbà dìde. Wọ́n ní omi tí ìjọba sé lè gbẹ lọ́jọ́ kan, àti pé kò sí ọmọ rere tí í fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá láádá bàbá rẹ̀ dúró. Àbúrò wọn, ọmọ ìyá kan náà, Bàbá Ganíyù, ní òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n òun sọ. Gbogbo ìpàdé ní òótọ́ ni. Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́ gbólóhùn tí bàbá wa fi parí ọ̀rọ̀ náà: "Ẹnu sàárà kọ́ là ń fi iyẹ̀pẹ̀ dí."

Báyìí la ṣe kó dúrọ́ọ̀mù lọ, tí a fi ihò sílẹ̀.

Sìfáwù ni ọmọ wọn tó kéré jù, àǹtí mi, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí wa kò jìnnà síra. Bí mo bá ti Ẹgbẹ́dá dé, á máa fi mí ṣẹ̀sín: "Ẹlẹ́táyà, ojú ẹ dúdú, ṣé o ti wẹ̀ lóṣù yìí?" Láfún ló ń ṣe tà. Ọdún kan òjò pẹ́ kó tó rọ̀, omi fà sẹ́yìn débi tí ẹnikẹ́ni kò rí i rí, a bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìpìlẹ̀ mọ́sálásí àtijọ́ bí ẹ̀yìn ẹja. Sìfáwù gbé ẹ̀gẹ́ tó ti rẹ lọ sínú omi láàárọ̀, kó lọ fọ̀ ọ́. Ìyàwó Bàbá Ganíyù wà pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní omi kò ju orúnkún lọ. Ó ní àwọn ń sọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ fẹ́ Sìfáwù, àwọn ń rẹ́rìn-ín. Ó yíjú láti fún aṣọ rẹ̀, ó sì yíjú padà. Agbọ̀n ẹ̀gẹ́ ló rí lójú omi. Kò gbọ́ igbe kankan.

Àwọn apẹja ló fi ìwọ̀ fà á jáde.

Ariwo ta. Wọ́n ní odò ti gbé e. Ẹnìkan ní odò ń bínú torí pé wọ́n sé e. Àwọn aládùúrà ní kí a tan àbẹ́là sétí omi, ẹlòmíràn ti ń wá ewúrẹ́. Bàbá wa kò sunkún. Wọ́n dúró, wọ́n wo àpáta orí òkè, wọ́n wo ìpìlẹ̀ mọ́sálásí, wọ́n tún wo ibi tí agbọ̀n wà. Mo rò pé ọpọlọ wọn ti dàrú. Ojú ilé ni wọ́n ń wá. Nígbà tí wọ́n rí i, wọ́n jókòó sínú ẹrẹ̀ bí ọmọdé.

Ohun tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo fi mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ kí gbogbo ayé máa bú odò títí láé. A kírun tán, wọ́n dìde níwájú gbogbo jámáà, wọ́n bọ́ fìlà: "Ẹ yé bú odò. Kì í ṣe odò ló pa ọmọ mi. Kànga bàbá mi ni, èmi ni mo sì ní kí ẹ má dí i."

Ìyá wa àgbà wà lẹ́yìn ní ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin, wọ́n gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ yẹn títí òjò fi rọ̀, wọn ò bá bàbá wa sọ̀rọ̀. Wọ́n á se oúnjẹ, wọ́n á gbé e kalẹ̀, wọ́n á bo abọ́, wọ́n á lọ. Bàbá wa á kí wọn, wọn ò ní dáhùn. Bàbá wa kò ráhùn. Ìgbà tí mo fẹ́ bá wọn bẹ ìyá àgbà, wọ́n ní: "Fi í sílẹ̀. Ẹnu tó bá mi wí, kò tíì tó."

Wọ́n pinnu pé àwọn máa dí kànga. Níbẹ̀ ni ìjà gidi ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá Ganíyù wá sí ìta wa, ojú wọn pọ́n.

"Bọ̀dá, ẹ fẹ́ pa bàbá wa lẹ́ẹ̀kejì."

"Bàbá wa ti kú, Ganí. Sìfáwù náà ti kú. Ta lo tún fẹ́ fi kún wọn?"

"Ẹ̀yin nìkan kọ́ ni bàbá bí! Láádá yẹn, tèmi náà ni. Ẹ jẹ́ ká fi igi gún ibẹ̀, ká fi aṣọ pupa so ó, kí wọ́n yà fún un."

"Omi á gbé igi lọ. Aṣọ á jẹrà."

"Ẹ má pè mí síbẹ̀ nígbà náà. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀run, ẹ máa ṣàlàyé fún un."

Àwọn méjèèjì lọ sọ́dọ̀ Lèmọ́mù. Lèmọ́mù ní ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún òkú, kò sẹ́ni tó lè pa á rẹ́, àti pé ẹni tó mú ewu kúrò lójú ọ̀nà, òun náà ní láádá tirẹ̀. Bàbá Ganíyù kò gbà. Wọ́n bínú jáde, wọn ò sì tẹ ìta wa mọ́.

Bàbá wa bẹ̀rẹ̀ nìkan. Wọ́n ń ṣa òkúta lórí òkè, wọ́n ń fi abọ́ páànù rù ú lọ sínú omi. Àgbàlagbà tó yẹ kí wọ́n máa bu omi fún. Nígbà tí mo gbọ́ ní Ẹgbẹ́dá, mo wá, mo bá wọn rù. Àwọn kan ń wò wá láti òkè, wọn ò sọ̀ kalẹ̀. Òkúta máa ń rì láìdún. Ó pẹ́ kí a tó gbọ́ kí òkúta kan òkúta. Ọjọ́ tí a gbọ́ ọ, bàbá wa fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ wò, wọ́n dúró lé e lórí, omi wà ní itan wọn, wọ́n sì bá bàbá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó wà níwájú wọn: "Ẹ gbẹ́ ẹ kí èèyàn lè mu. Ó ti ṣe tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sinmi."

Ní ẹ̀ẹ̀rùn kejì, àwọn ọ̀dọ́ bá wa dí ti mọ́sálásí. Ìyẹn rọrùn, ìpìlẹ̀ rẹ̀ ń yọjú. Ti Ìyá Aláró ló kù. Ibẹ̀ jìn. Ó di ọdún tí ẹ̀ẹ̀rùn bá le gan-an kí omi tó fà débẹ̀. A dúró de irú ọdún bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe ń dúró, ojú bàbá wa ń funfun. Ó bẹ̀rẹ̀ bí èéfín, wọ́n ní àwọn ń rí ìkùukùu lọ́sàn-án gangan, nígbà tó yá wọn ò rí ọwọ́ ara wọn mọ́.

Ọdún ẹ̀ẹ̀rùn líle dé. Èmi ni mo di ọwọ́ wọn mú wọ inú omi, àwọn ọ̀rẹ́ mi gbé ọparun tẹ̀ lé wa.

"Rasákì, kí lo rí?"

"Mo rí àpáta, Bàbá."

"Ọ̀pẹ wíwọ́ ńkọ́? Ṣé ó ti bo orí rẹ̀?"

Wọ́n fa ọwọ́ mi.

"Mo ní ọ̀pẹ ńkọ́?"

"Kò sí níbẹ̀ mọ́, Bàbá. Wọ́n ti gé e."

Wọ́n ti gé e lóòótọ́. Ẹnìkan ń kọ́lé, ó nílò igi àjà, ó la ọ̀pẹ náà. Mo wà lára àwọn tó bá a fà á. Ọ̀pẹ pọ̀ lórí òkè wa, kò sẹ́ni tó ro ohunkóhun. Wọ́n ti sun kùkùté rẹ̀, wọ́n ti kọ ebè ẹ̀gẹ́ lé e lórí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní, "Ibí yìí ló wà tẹ́lẹ̀." Èkejì ní, "O ò mọ nǹkan kan, apá ọ̀hún ni." A bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn, bàbá wa sì dúró láàárín wa nínú omi tó dé ìbàdí, wọ́n ń yí orí sí ọ̀tún, sí òsì, wọ́n ń gbọ́ wa. Wọ́n ní: "Ẹ ti gé ojú tó kù fún mi."

A fi ọparun gún ibi gbogbo. Ẹrẹ̀ ti kún ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ibi gbogbo ni ọparun ń wọlé.

Láti ọjọ́ náà, ìbẹ̀rù gba bàbá wa. Wọ́n ní kí a tẹ́ ẹní àwọn sójú ọ̀nà tó lọ sómi. Ibẹ̀ ni wọ́n ń jẹun, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kírun. Àwọn obìnrin fẹ́ràn ọwọ́ ọ̀tún, níbi tí kànga wà, torí yanrìn ló wà níbẹ̀. Ọwọ́ òsì, ẹrẹ̀ ni, ó ń mu ẹsẹ̀ dé itan. Bí bàbá wa bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀, wọ́n á na ọ̀pá dí ọ̀nà.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Bàbá. Ìyá Kúdí."

"Ọwọ́ òsì ni kó o gbà."

"Bàbá, ẹrẹ̀ ibẹ̀ ti pọ̀ jù, ẹ̀gẹ́ mi ti fẹ́ kan."

"Jẹ́ kó kan. Ẹ̀gẹ́ tó kan, a ṣì ń jẹ ẹ́."

Àwọn kan ń gbọ́ràn. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú igbó kọjá kí wọ́n má bàa gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn. Àwọn ọmọdé ń pè wọ́n ní Bàbá Oníkànga. Ìyá wa àgbà, tí wọ́n ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ nígbà náà, á lọ jókòó tì wọ́n, wọ́n á máa bá wọn wo ẹni tó ń kọjá. Mo gbọ́ wọn lọ́jọ́ kan.

"Bàbá Sìfáwù, ẹ wọlé, ìrì ń sẹ̀."

"Tí mo bá wọlé, ta ló máa sọ fún wọn?"

Ìyá àgbà bọ́ ìborùn, wọ́n fi bo èjìká bàbá wa.

Ojú ọ̀nà yẹn ni àìsàn ti kì wọ́n mọ́lẹ̀. Nígbà tí a gbé wọn wọlé, wọ́n tún ń ka abúlé, ṣùgbọ́n ó ti ń dàrú: wọ́n á gbé mọ́sálásí lọ sápá ọ̀tún, wọ́n á gbé agbo ilé wa lọ sí ọ̀nà kòkó. Mo gbé etí lé ẹnu wọn, mò ń wá kànga Ìyá Aláró nínú ọ̀rọ̀ náà. Èyí tí mo gbọ́ kẹ́yìn ni: "Kó o sọ fún wọn kí wọ́n má yára."

A ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ. Àwọn àlejò jẹun tán, wọ́n lọ. Mo wà níta, mò ń ká ẹní, nígbà tí Bàbá Ganíyù yọ láti ẹ̀yìn ilé wọn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti tẹ ìta wa gbẹ̀yìn. Òkúta ńlá kan wà lórí wọn, ọrùn wọn ń gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀. Wọn ò kí ẹnikẹ́ni, ìsàlẹ̀ ni wọ́n kọjú sí. Ìyá wa àgbà tẹ̀ lé wọn, èmi tẹ̀ lé wọn, àwọn tó kù sì tẹ̀ lé wa. Bàbá Ganíyù wọ inú omi ní ọwọ́ ọ̀tún títí ó fi dé orúnkún wọn, wọ́n dúró. Lápá ọ̀hún, Ìyá Kúdí àti àwọn méjì mìíràn ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fọ ẹ̀gẹ́.

Bàbá Ganíyù yíjú sí wa.

"Níbo ni kí n sọ ọ́ sí?"

A wo omi. Kò sẹ́ni tó lè na ìka.